VAT lórí igi ìdáná: àṣìṣe tó ń kó àwọn oníṣòwò igi sí gbèsè

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta igi ìdáná ní Ilé-Ifẹ̀, láti Odò-Ògbè títí dé ọ̀nà Oǹdó, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Òfin owó-orí tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026, àhesọ tó ń jà ràìn nípa rẹ̀ lọ́jà sì ti pọ̀ jù.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni kí èèyàn máa fi VAT, ìyẹn owó-orí tí oníbàárà ń san lé owó ọjà, lé owó igi láìforúkọ sílẹ̀ fún un. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ilé búrẹ́dì kan fẹ́ igi ọkọ̀ kan, ẹ ná an títí ó fi dúró sí ₦200,000. Wọ́n ní kí ẹ mú ìwé owó wá. Ọmọ tó ń bá yín kọ ìwé ti rí VAT nínú ìwé owó àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá rí, ló bá kọ 7.5% sí ìsàlẹ̀, ó fi ₦15,000 lé e. Èrè kọ́ ni ₦15,000 yẹn o, owó ìjọba ni. Ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ rẹ̀, kó sì san án fún ìjọba àpapọ̀ kí ọjọ́ kọkànlélógún oṣù tó tẹ̀ lé e tó kọjá. Tí ẹ bá ti fi ra ẹrù mìíràn, gbèsè ni ẹ jẹ, ìtanràn àti èlé yóò sì máa gorí ara wọn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má kọ ọ́, kódà bí oníbàárà bá ní kí ẹ kọ ọ́.

Òfin kò ní kí oníṣòwò kékeré gba VAT rárá. Ẹni tí gbogbo ọjà tó tà lọ́dún kò ju ₦100 mílíọ̀nù lọ, tí dúkìá iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju ₦250 mílíọ̀nù lọ, ó ti bọ́. ₦25 mílíọ̀nù ni ààlà náà tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá ń ta igi ₦2 mílíọ̀nù lóṣù, ₦24 mílíọ̀nù lọ́dún nìyẹn. Ọ̀nà ṣì jìn. Àmọ́ ẹ má fi èrè díwọ̀n rẹ̀. Iye tí ẹ tà ni wọ́n ń wò, ìbáà jẹ́ pé owó ọkọ̀ àti owó àwọn tó ń la igi ló gbé ìdajì rẹ̀ lọ.

Àwọn kan ní igi bọ́ lọ́wọ́ VAT torí pé oúnjẹ la fi ń sè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gàrí àti iṣu bọ́. Igi tó wà lábẹ́ ìkòkò kì í ṣe oúnjẹ. Bí òwò yín ṣe kéré ló yọ yín.

Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já fún yín lọ́jà kò kan VAT, kò sì kan owó-orí èrè. Ti ọjà ni. Owó-orí èrè, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lẹ óò san án fún, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n gbọ́ pé VAT ò kàn wọ́n, wọ́n wá rò pé gbogbo owó-orí ló ti tán. Tí èrè tó kù lẹ́yìn ìnáwó kò bá ju ₦800,000 lọ́dún, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, owó-orí wà lórí èyí tó lé. Ẹ ra ìwé kan, kí ẹ máa kọ ohun tí ẹ tà sí i lójoojúmọ́, pẹ̀lú owó ọkọ̀, owó alágbàṣe àti epo ẹ̀rọ tí wọ́n fi gé igi. Tí kò bá sí àkọsílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ owó-orí lè fojú díwọ̀n èrè yín, ojú tiwọn kò sì rí epo tí ẹ rà.

Bí ẹ bá ń kó igi fún ilé-iṣẹ́ ńlá, wọ́n lè yọ 2% nínú owó yín kí wọ́n tó san án. Èyí náà kì í ṣe VAT. Owó-orí èrè yín ni wọ́n ń gbà ṣáájú, wọn yóò sì yọ ọ́ nínú èyí tí ẹ máa san lópin ọdún. Àmọ́ ẹ nílò ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kí orúkọ yín àti nọ́ńbà owó-orí yín sì wà lórí rẹ̀. Tí ẹ ò bá ní nọ́ńbà yìí, ìlọ́po méjì ni wọ́n máa yọ, torí náà ẹ lọ gbà á kí ẹ tó gbé ẹrù àkọ́kọ́ lọ fún wọn.