Bí èmi àti Àlájì ṣe wa mọ́tò la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, láti Tangier dé odò Senegal

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ìwé, torí ìwé ló jẹ wá lákòókò jù kó tó di pé a kúrò ní London, kì í ṣe mọ́tò, kì í ṣe owó. January 2019 ni. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi tá a máa ń pè ní Àlájì, ilé ìwé girama kan náà la lọ n'Íbàdàn, òun ti lọ sí Mẹ́kà, èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, a tún wá bára wa ní London, ó sì ti tó bí ọdún mẹ́fà tá a ti ń sọ ọ́ pé a máa wa mọ́tò láti ìlú òyìnbó dé Dákà, olú ìlú Senegal, àwọn ìyàwó wa ti gbọ́ ọ títí ó ti sú wọn. Ọdún yẹn la wá sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, à ń lọ.

Ìwé tí mò ń sọ yẹn, wọ́n ń pè é ní fiche. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá Agadir lọ sísàlẹ̀, gbogbo ibi tí ọlọ́pàá tàbí ṣọ́jà bá ti dá yín dúró, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Bébà kan ṣoṣo ni: orúkọ yín, nọ́ńbà páspọ́ọ̀tù, iṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń ṣe, orúkọ bàbá, orúkọ ìyá, nọ́ńbà mọ́tò, ibi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀ àti ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Tẹ́ ò bá ní i lọ́wọ́, wọ́n á gba páspọ́ọ̀tù wọlé, wọ́n á máa fọwọ́ dà á kọ sínú ìwé ńlá kan lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yin á sì jókòó sínú mọ́tò láàárín afẹ́fẹ́. A tẹ 60 jáde kálukú, nígbà tá a fi máa dé Senegal ó ku mẹ́sàn-án lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà yẹn, tí mo bá ní kó mú nǹkan kan ṣoṣo dání, fiche ni.

Ẹrù tó kù: omi lítà 60 nínú kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta, torí bá a ṣe ṣírò ẹ̀ ni lítà márùn-ún fún ẹnì kan lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ojú títì la máa wà jù. Kẹ́ẹ̀gì dísù méjì, táyà àfikún méjì, ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ táyà, ṣọ́bìrì, àti pátákó ike gígùn méjì tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ táyà tó bá rì. Àti gaàrí Ìjẹ̀bú, báàgì kan gbáko, pẹ̀lú ṣúgà àti ẹ̀pà. Gaàrí ò gba iná, kò gba ìkòkò, kì í bàjẹ́ nínú ooru, mi ò mọ oúnjẹ míì tó dáa tó o nínú aṣálẹ̀.

Òfin kan la jọ ṣe nílé Àlájì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú ọjọ́ tá a gbéra, òun ló mú un wá: ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì tó bá ti ní "dúró", ẹni tó ń wakọ̀ á dúró, kò ní béèrè kí ló dé, ìgbà tí mọ́tò bá ti dúró tán la tó máa sọ̀rọ̀. Mo gbà. Ọ̀rọ̀ kékeré ló dà létí mi lọ́jọ́ yẹn.

Faransé àti Spéènì, títì dáa, kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta la fi dé Algeciras, a wọ ọkọ̀ ojú omi, a sọ̀ sí Tanger Med, wọ́n fún mi níwèé mọ́tò (orúkọ ẹni tó wa mọ́tò wọlé ni wọ́n ń kọ, ẹni yẹn gbọ́dọ̀ wà á jáde), a gba títì ńlá tó ń gba owó lọ sí Agadir. Ibẹ̀ ni ìrìn àjò gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Tiznit, Guelmim, Tan-Tan. Wọ́n gbẹ́ ràkúnmí ńlá méjì síbi àtiwọ Tan-Tan, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n na ọrùn síra wọn lókè títì, abẹ́ wọn lẹ máa gbà wọ̀lú. Àlájì ní ká dúró ká ya fọ́tò, a dúró.

Mọ́tò ìlú òyìnbó la gbé lọ, ìyẹn ni pé apá ọ̀tún ni síárìn wà, apá ọ̀tún títì náà ni wọ́n sì ń wà ní Morocco. Tírélà bá wà níwájú yín, ẹ ò lè rí ohun tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹni tó jókòó lápá òsì ló ń rí i. Fún bí 1,500 kílómítà láti Agadir dé bọ́dà, ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ ya tírélà sílẹ̀, ẹnu Àlájì ni mò ń wò. "Dúró... dúró... ó ń bọ̀... ó ti kọjá, máa lọ!" Mo máa tẹ̀ ẹ́. Tó bá kan òun láti wakọ̀, èmi ni mo máa di ojú rẹ̀. Mi ò tíì fi ẹ̀mí mi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ báyẹn rí láyé mi, kódà mi ò ro ó lẹ́ẹ̀mejì.

Aṣálẹ̀ tí mo ti ń rí nínú fọ́tò ni òkìtì iyanrìn pupa tó lọ salalu. Ibí ò rí bẹ́ẹ̀. Láti Laayoune lọ sí Boujdour lọ sí Dakhla, ilẹ̀ gbẹrẹsẹ ni, òkúta wẹ́wẹ́, àwọ̀ eérú, kò sí igi kankan, òkun Àtìláńtíìkì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ilẹ̀ á kàn gé wọnú ẹ̀ lójijì bí ẹni fi ọ̀bẹ gé búrẹ́dì, àwọn apẹja á ta àgọ́ sétí ibẹ̀. Ìkùukùu máa ń wá látinú òkun láàárọ̀, gbogbo ara mọ́tò á tutù. Owó epo kéré níbẹ̀ ju ti àríwá Morocco lọ torí owó orí ibẹ̀ kéré, a kún táńkì, a kún kẹ́ẹ̀gì. Ilẹ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní Western Sahara, Spéènì ló ni ín tẹ́lẹ̀, nígbà tí wọ́n ń lọ ní 1975 Morocco àti Mauritania wọ̀ ọ́, àwọn Polisario, ìyẹn àwọn ọmọ ibẹ̀ tó ń jà fún òmìnira, gbé ìbọn dìde, Mauritania yọwọ́ ní 1979, ti Morocco àti Polisario ò dáwọ́ dúró títí di 1991. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ogun yẹn, mo máa padà sórí ẹ̀.

Níbi ọlọ́pàá kan ṣáájú Dakhla, ọ̀gá kan tú bùùtù wa, ó bá báàgì gaàrí. Ó tọ́ka sí i, ó wo wá. Ẹ má gbàgbé, nǹkan funfun lẹ́búlẹ́bú nínú báàgì ńlá, lójú ọ̀nà bọ́dà. Àlájì ò sọ̀rọ̀, ó mú kọ́ọ̀pù, ó da gaàrí sí i, ó da omi sí i, ó fi ṣúgà, ó kọ́kọ́ mu, ó wá nawọ́ ẹ̀ sí ọ̀gá náà. Ó mu ún. Ó dúró díẹ̀, ó tún mu ún. Ó pe ẹnì kejì ẹ̀ wá. Bá a ṣe kúrò níbẹ̀ nìyẹn, fiche méjì àti kọ́ọ̀pù gaàrí méjì.

Bọ́dà Guerguerat kì í ṣí lóru nígbà yẹn, torí náà a sùn sí ilé ìtura kan nítòsí, a dé ẹnu géètì láàárọ̀. Ti Morocco parí. Ohun tó wà láàárín òun àti Mauritania nígbà yẹn ni bíi kílómítà mẹ́rin tí kò sí lọ́wọ́ ẹnì kankan, Kandahar làwọn tó ń gba ibẹ̀ ń pè é. Ọ̀dà tán pátápátá nígbà yẹn, àpáta, iyanrìn, òkú mọ́tò lọ́tùn-ún lósì, táyà jíjóná, tẹlifíṣọ̀n tó fọ́. Bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nígbà ogun yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀nà sì pín sí bíi mẹ́rin, kò sí àmì. Mo rí iyanrìn kan lápá òsì tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó dáa lójú mi ju àpáta tó ń lu ìsàlẹ̀ mọ́tò wa, mo ti ń yí síárìn síbẹ̀.

"Dúró."

Mo dúró. Ó ní, "Ọ̀gá mi, wo ilẹ̀ yẹn dáadáa, ṣé o rí ojú táyà kankan níbẹ̀?" Kò sí. Kò sí ẹsẹ̀ mọ́tò kankan lórí iyanrìn tó dáa tó yẹn, ìdí ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà. A jókòó síbẹ̀, a ò pa ẹ́ńjìnnì, títí tírélà kan tó kó ọsàn láti Morocco fi dé lẹ́yìn wa, a jẹ́ kó kọjá, a wá ń tẹ ojú táyà ẹ̀ gan-an bí ọmọdé ṣe ń tẹ ẹsẹ̀ bàbá ẹ̀. Ó tó ogójì mínítì fún kílómítà mẹ́rin. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n nígbà tá a dé ọ̀dọ̀ àwọn Mauritania, tí wọ́n ń ya fọ́tò wa, tí wọ́n ń gba ìtẹ̀ka wa fún físà, 55 yúrò.

A sùn ní Nouadhibou. Reluwé tó ń gbé òkúta irin láti Zouérat, nǹkan bíi 700 kílómítà nínú aṣálẹ̀, ibẹ̀ ló ń já sí, ó gùn ju kílómítà méjì lọ, ẹ máa dúró títí kó fi kọjá tán. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn mi jù ní Nouadhibou ni ọmọkùnrin kan tó gbọ́ tí èmi àti Àlájì ń sọ Yorùbá níwájú ibi tá a ti ń ra búrẹ́dì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Yorùbá ni yín?" Ọmọ Òṣogbo ni. Ó ń já ẹja ní èbúté, ó fẹ́ rí owó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí àwọn erékùsù Canary, tí í ṣe ti Spéènì. Ó bi wá léèrè ibi tá a gbà wá, a sọ fún un, ó kàn ń mirí. Ó ní, "Ọ̀nà tí ẹ̀yin ń wá nísọ̀kalẹ̀ yẹn, òun lèmi ń wá gòkè." Páspọ́ọ̀tù tó wà lápò mi wúwo lójijì. A jọ mu gaàrí níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn, Àlájì bá a sọ̀rọ̀ pẹ́ nípa omi yẹn àti àwọn tó ti bá a lọ, a pín báàgì gaàrí sí méjì a fún un ní ìdajì pẹ̀lú owó tó wà lọ́wọ́ wa. Mo ṣì ń rántí ẹ̀ nínú àdúrà mi.

Láti ibẹ̀ dé Nouakchott ó lé ní 400 kílómítà. Kí wọ́n tó da ọ̀dà sí i, etí òkun ni wọ́n ń bá lọ tí omi bá ti fà sẹ́yìn. Ọ̀dà wà báyìí, àmọ́ iyanrìn máa ń rìn kọjá lórí ẹ̀, ó ń fẹ́ bí èéfín. Lẹ́yìn Chami, àkókò àdúrà ìrọ̀lẹ́ tó, Àlájì fẹ́ kírun. Mo yà kúrò lójú títì. Ó ní "dúró", mo ní "jẹ́ n sún síwájú díẹ̀ kí tírélà má gbá wa", mo sì tẹ̀ ẹ́. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rú òfin yẹn nìyẹn. Mọ́tò rì dé ìdí.

Kò bú mi o. Ó ṣe àlùwàlá oníyanrìn (ẹ̀sìn wọn gbà á tí kò bá sómi, àwa sì ń tọ́jú tiwa), ó kírun, lẹ́yìn náà ó mú ṣọ́bìrì. Ẹ gbọ́ bá a ṣe ń ṣe é: ẹ má tẹ epo sí i, ṣe ló máa ń gbẹ́ ilẹ̀ sí i. Ẹ tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀, tiwa wà ní 40 psi, a tú u dé 18, kí táyà lè tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹsẹ̀ ràkúnmí. Ẹ gbẹ́ iyanrìn iwájú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ kì pátákó bọ̀ ọ́, gíà kékeré, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀kejì tá a gbìyànjú ẹ̀, Hilux kan yà, ọkùnrin mẹ́ta bọ́ọ̀lẹ̀, wọ́n wọ dàràà aláwọ̀ aró, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rí i ẹ máa ní agbádá ni, wọ́n we láwàní bo imú. Wọn ò béèrè nǹkan kan, wọ́n fọwọ́ ti mọ́tò, ó jáde.

A fẹ́ fún wọn lówó, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ká jókòó. Èyí tó kéré jù nínú wọn gbé iná gáàsì kékeré sílẹ̀, ó se tíì aláwọ̀ ewé pẹ̀lú ṣúgà púpọ̀ àti ewé kan tó ń ta sánsán bí efinrin. Kọ́ọ̀pù gíláàsì kékeré ló lò, tí kò ju ìka méjì lọ. Ó ń dà á láti kọ́ọ̀pù kan sí èkejì, láti òkè, láti òkè, ó ju ogún ìgbà lọ, kò ta sílẹ̀, títí ìfóòfó fi kún ìdajì gíláàsì. Ìgbà yẹn ló tó fún wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta la mu ún, èyí àkọ́kọ́ korò, èyí ìkẹyìn dùn, ó gba wákàtí kan, ilẹ̀ ń ṣú lọ, kò sí ẹni tó kánjú nínú wọn. Àlájì ń fi Lárúbáwá tó mọ̀ láti ilé kéú bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ń dá a lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. Hilux wọn ni wọ́n fi ṣíwájú wa dé ibi tá a sùn, torí ràkúnmí ò ní iná lẹ́yìn, àwa ò sì fẹ́ rìn lóru.

Ní Nouakchott, owó rú wa lójú. Wọ́n ti gé òdo kan kúrò lára ouguiya, owó Mauritania, ní January 2018, àmọ́ ẹnu ọlọ́jà, tàtijọ́ ni. Ẹja tó jẹ́ 200, wọ́n máa ní 2,000. Ẹ máa béèrè pé "tuntun ni àbí tàtijọ́" kẹ́ ẹ tó yọ owó.

Rosso ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà sọdá odò Senegal, a gba Diama torí wọ́n sọ fún wa pé wàhálà ibẹ̀ kéré. Ọ̀nà erùpẹ̀ ni, ó gba inú igbó Diawling, tí ìjọba ń dáàbò bò. Ojú wa ò tíì rí ewé láti ọjọ́ márùn-ún. Lójijì, esùsú, omi, ẹyẹ ńláńlá lórí omi, ìmàdò tó ń sáré tọ́mọtọ́mọ níwájú mọ́tò. Àlájì sọ gíláàsì kalẹ̀, ó kàn ń fa òórùn ẹrẹ̀ símú. Orí ìdídò la gbà sọdá odò.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la jáde lọ́dọ̀ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù Senegal. Dákà ku bíi 300 kílómítà, ọ̀dà dáa, ara mi ṣì le, mo ti ń ṣírò ẹ̀ pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ a ti wà níbẹ̀. A wọ Saint-Louis, a gun afárá irin tí wọ́n ti kọ́ láti 1897.

"Dúró," ni Àlájì wí.

Mo wá ibi tó gbòòrò, mo dúró, mo pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní ilẹ̀ máa ṣú bá wa lọ́nà. A wá yàrá, obìnrin tó ni ilé yá wa ní ìgbálẹ̀, a ṣílẹ̀kùn mọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a gbá iyanrìn jáde títí ó fi di òkìtì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìyàwó mi pè, ó ní ṣé a ti dé Dákà. Mo ní ó di ọ̀la.