Ẹ ṣe upgrade GCC tán, línkà wá ń pariwo? Ibi tí mo máa ń wò rèé

Lọ́jọ́ Sátidé iná dé ní Kubwa níbí, mo ní kí n tètè gbé Ubuntu 20.04 mi lọ sí 22.04 kí wọ́n tó mú un lọ. GCC, ìyẹn kọ̀ǹpáílà tó ń sọ kódù C àti C++ di app, kúrò ní 9, ó di 11, mo wá tẹ make, línkà (ètò tó ń so àwọn ẹ̀yà kódù pọ̀ di app kan) wá ń bú mi lórí kódù tó ṣiṣẹ́ lánàá.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan kódù yín o. Ẹ kọ́kọ́ pa fódà build yẹn rẹ́ pátápátá, torí CMake, ètò tó ń ṣètò bí a ṣe ń kọ́ app, máa ń tọ́jú ọ̀nà kọ̀ǹpáílà àtijọ́ sínú CMakeCache.txt, àwọn .o àtijọ́ (ẹ̀yà kódù tí kọ̀ǹpáílà ti ṣe tán) náà á ṣì wà ńbẹ̀. Tó bá ṣì ń kọ̀, ẹ ka error àkọ́kọ́, ẹ fi ogójì tó kù sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ "multiple definition" nínú kódù C, GCC 10 tó jáde ní 2020 ló sábà máa ń fà á, àtìgbà yẹn ni -fno-common ti di default. Tẹ́lẹ̀, tí ẹ bá kọ int counter; sínú header (fáìlì .h) tí fáìlì mẹ́ta ń lò, línkà á kàn pa wọ́n pọ̀ ṣe ẹyọ kan láìsọ̀rọ̀. Ní báyìí ẹ kọ extern síwájú ẹ̀ nínú header, kẹ́ ẹ wá kọ int counter; sínú .c kan ṣoṣo. -fcommon á jẹ́ kó kọjá lóòótọ́, èmi ò kì í lò ó àfi tí kódù náà kì í bá ṣe tèmi.

Èyí tó jẹ mí níyà jù ni "undefined reference" tó ní std::__cxx11 nínú. Láti GCC 5, ní 2015, ni wọ́n ti yí bí std::string (irú dátà tí C++ fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀) ṣe rí nínú padà, bíi télọ̀ méjì tí téèpù wọn ò dọ́gba, apá aṣọ ò lè bá ara aṣọ mu. Ẹnì kan ní Wuse ló fún mi ní láíbìrì .a kan láìsí source, mo wá fi nm wo orúkọ àwọn nǹkan tó wà nínú ẹ̀, báyìí:

nm -C libprint.a | grep printReceipt

Ó gbé printReceipt(std::string) jáde, kò sí __cxx11 níbẹ̀ rárá, ìyẹn ni pé ABI àtijọ́ ni (ABI ni àdéhùn bí àwọn kódù tí a ti kọ̀ǹpáílì ṣe ń bára wọn mu). Mo fi -D_GLIBCXX_USE_CXX11_ABI=0 sí gbogbo fáìlì tèmi, ó gbà. Gbogbo o, ẹ má fi sí ọ̀kan kẹ́ ẹ fi ìkejì sílẹ̀, àtàwọn láíbìrì C++ míì tẹ́ ẹ bá ń lò pọ̀ mọ́ ọn.

Mo rò pé mo ti bọ́, mo gbé app náà lọ sórí sáfà tó ṣì wà ní 20.04, ló bá ní version GLIBC_2.34 not found. glibc ni láíbìrì C tí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo app orí Ubuntu ń lò; 2.31 ló wà lórí 20.04, 2.35 ló wà lórí 22.04, kódà hello world lásán tẹ́ ẹ bá kọ́ sórí 22.04 á béèrè 2.34 yẹn, ẹ fi objdump -T wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ kó libc.so.6 tuntun (fáìlì glibc fúnra ẹ̀) lé ti sáfà lórí, ls gan-an lè má dáhùn mọ́. Inú docker ubuntu:20.04, ìyẹn Ubuntu 20.04 kékeré tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà mi, ni mo ti tún un kọ́, dátà mi ló kàn jẹ, àmọ́ app náà dìde.