Ìrírí mi: bí mo ṣe fa irin sí iṣan ẹni tí ìfun rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀

PCV (ìdá ẹ̀jẹ̀ pupa nínú ọgọ́rùn-ún) 25 ni wọ́n kọ sórí ìwé tí abilékọ náà mú wá bá wa ní Ilé-Ifẹ̀. Ulcerative colitis ló ń bá a fínra, àìsàn tí í mú kí ìfun ńlá wú, kó gbóná, kó dégbò, kó sì máa ṣẹ̀jẹ̀ sínú ìgbẹ́. Àwọn ará ilé rẹ̀ ti ń ra ugu lọ́jà Odò-Ògbè, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń pò ó mọ́ mílíìkì àti malt. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é, ṣùgbọ́n irin, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, tó wà nínú ewé kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ara, mílíìkì sì tún máa ń dí i lọ́nà. Ẹnì kan tún ti sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ wá owó ẹ̀jẹ̀ páìntì méjì.

PCV nìkan kò lè sọ ohun tó fa àìtó ẹ̀jẹ̀. Dókítà ní ká gba ẹ̀jẹ̀ sí i, èmi ni mo gbà á: FBC (àyẹ̀wò gbogbo ẹ̀jẹ̀), ferritin, transferrin saturation, CRP (tó ń sọ bí ara ṣe ń wú tó), àti fítámì B12 àti folate. A yẹ ibà àti aràn wò, kò sí. Genotype rẹ̀, AA ni. Èsì tó ti lábù dé nìyí: Hb (èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ́n) 8.1 g/dL, MCV (ìtóbi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa) 69 fL, ferritin 64 ng/mL, transferrin saturation 9%, CRP 38 mg/L. B12 dára, folate ló relẹ̀ díẹ̀, sulfasalazine, oògùn ìfun tó ń lò, ló sì máa ń fa ìyẹn. Folic acid 5 mg lójúmọ́ ni dókítà kọ fún un.

Ibi ferritin yìí ló ti ń ṣi ọ̀pọ̀ wa lọ́nà. Ferritin ló ń sọ bí irin ṣe kù tó nínú àká ara. Ẹni tí nǹkan kan ò wú nínú ara rẹ̀, bí tirẹ̀ bá wà lábẹ́ 30, irin ti tán nìyẹn. Ẹni tó bá wo 64 á ní àká ò tíì ṣófo. Àmọ́ nígbà tí ìfun bá ń gbóná, ferritin a máa gòkè fúnra rẹ̀, yálà irin wà níbẹ̀ o, yálà kò sí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí CRP bá ga, títí dé 100 ni a ṣì ń fura sí àìtó irin. Transferrin saturation ló ń tú àṣírí. Ẹ fi í wé bọ́ọ̀sì tó ń kó irin lọ síbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀: nínú ìjókòó 100, mẹ́sàn-án péré ló ní èrò. Ó yẹ kó tó 20 ó kéré tán.

Ohun méjì ló pàdé lára rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lójoojúmọ́, irin ń bá a lọ. Ìkejì, ẹ̀dọ̀ a máa tú èròjà kan tó ń jẹ́ hepcidin sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ara bá ń wú, òun ló ń ti ilẹ̀kùn tí irin ń gbà wọlé láti ìfun kékeré, tó sì ń ti èyí tó wà nínú àká mọ́lé. Ìdí nìyí tí oògùn ẹ̀jẹ̀ oníhóró kò fi ràn án lọ́wọ́. Wọ́n ti kọ ferrous sulphate 200 mg fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ níbòmíì. Hóró kan ní nǹkan bí 65 mg irin nínú, a kì í sì í fẹ́ kí irin tí ẹni tó ní àìsàn ìfun ń gbé mì ju 100 mg lójúmọ́ lọ. Èyí tí kò wọ ara, inú ìfun ló ń jókòó sí, tó ń ta inú. Ẹni tí ìfun rẹ̀ ti rọlẹ̀, tí Hb rẹ̀ sì ju 10 lọ, lè lo hóró kan lójúmọ́. Tirẹ̀ kò sí níbẹ̀: Hb kò tó 10, ìfun ṣì ń gbóná. Inú iṣan ni irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ rà, àyà rẹ̀ kò dùn ún, kò mí gúlegúle, Hb rẹ̀ sì ju 7 lọ, kò nílò rẹ̀. Páìntì kan kò ní ju nǹkan bí 200 sí 250 mg irin lọ, gbèsè irin tó wà lọ́rùn ara rẹ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì.

A ṣírò gbèsè náà. Ẹ mú ìwọ̀n ara ní kílò, ẹ fi iye tí Hb fi dín sí 15 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ tún fi 2.4 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi 500 kún un fún àká. Kílò 58 ni ó wọ̀n, Hb rẹ̀ sì fi 6.9 dín sí 15: 58 × 6.9 × 2.4 jẹ́ 960, pẹ̀lú 500, ó di 1,460 mg. Ọ̀nà kúkúrú kan tún wà tí kò fẹ́ ìṣirò: Hb láàrin 7 sí 10, ẹni tí kò tó kílò 70 á gba 1,500 mg, ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ á gba 2,000. Méjèèjì bára mu. Iron sucrose, irin olómi tí a ń fà sí iṣan, ni a rí lò. Kò gbọ́dọ̀ ju 200 mg lọ lẹ́ẹ̀kan, kò gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ lọ́sẹ̀. A pín in sí ẹ̀ẹ̀méje 200 àti ẹ̀ẹ̀kan 100, ní Mọ́ńdè, Wẹ́sìdeè àti Fúráìdè.

Kí n tó fọwọ́ kan ìgò, mo wọn ara gbígbóná rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru àti bí ọkàn ṣe ń lù. Bí ibà tàbí kòkòrò àrùn kan bá wà lára, a máa ń sún un síwájú. Mo ṣe àyẹ̀wò oyún, torí a kì í fún aboyún nínú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Mo fa adrenaline sẹ́gbẹ̀ẹ́, 0.5 mg, fún itan, bí ara bá kọ oògùn náà.

Ibi tó ń bà jẹ́ jù ni omi tí a ń pò ó mọ́. Ìgò kékeré kan jẹ́ 5 mL, 100 mg ló wà nínú rẹ̀, ó dúdú bí kọ́fí tí kò ní mílíìkì. Normal saline (omi iyọ̀) nìkan ló ń gbà, kì í gba dextrose (omi ṣúgà). Dírípù 500 mL ló pọ̀ lórí àtẹ oníkẹ́míìsì, nọ́ọ̀sì tó bá ń kánjú á da ìgò méjì sínú rẹ̀. Omi pọ̀ jù nìyẹn, irin náà kò ní dúró déédéé mọ́. 200 mg kò gbọ́dọ̀ ju 200 mL omi lọ. Soluset, dírípù tó ní ọpọ́n kékeré onílà lára, ni mo fi yanjú rẹ̀: mo jẹ́ kí saline 90 mL sọ̀ sínú ọpọ́n rẹ̀, mo fi irin 10 mL kún un, ó di 100. N kì í ka ẹ̀kán lórí soluset, torí ó yára jù fún ojú. Ilà ara ọpọ́n ni mo ń wò: 25 mL ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kí gbogbo rẹ̀ tán ní ìṣẹ́jú 40. Kò gbọ́dọ̀ yá ju ìṣẹ́jú 30 lọ, bí ó bá yá, ẹ̀jẹ̀ ríru lè já wálẹ̀ lójijì.

Kánúlà náà (ọ̀pá tín-ín-rín tó wọ iṣan), mo kọ́kọ́ fi saline 10 mL fọ̀ ọ́, mo sì tẹ ọwọ́ mọ́ ara rẹ̀ bóyá á wú. Bí irin yìí bá jò sábẹ́ awọ, àbàwọ́n ilẹ̀ pupa ló ń dá síbẹ̀, ó lè pẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù kó tó lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ń ta mí díẹ̀.” Mo ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́, mà,” mo sì ti í lójú ẹsẹ̀, mo fi kánúlà tuntun sí apá kejì. A kì í ní kí aláìsàn fara dà á lórí èyí.

Lọ́jọ́ kẹrin, ojú rẹ̀ pọ́n, àyà rẹ̀ fún un díẹ̀, ẹ̀yìn ń ro ó. Mo ti dírípù, mo wọn ẹ̀jẹ̀ ríru: kò já, kò sì sí híhan nínú èémí rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ó lọ. Kì í ṣe kíkọ oògùn nìyẹn, a tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì ìyára. Mi ò fún un ní Phenergan, oògùn ara yíyún, torí oorun àti ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń já tí Phenergan ń fà máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kékeré dà bí ewu. Lẹ́yìn dírípù kọ̀ọ̀kan, mo máa ń fi saline fọ ọ̀pá, mo sì ń jẹ́ kó jókòó fún ìṣẹ́jú 30.

Mo sọ fún un pé kó má lo oògùn ẹ̀jẹ̀ oníhóró lásìkò yìí. Mo sì tẹnu mọ́ èyí: irin inú iṣan kì í sọ ìgbẹ́ di dúdú. Bí ìgbẹ́ bá dúdú, ẹ̀jẹ̀ ni, kí ó wá kíákíá.

Dókítà fi prednisolone, oògùn tó ń dín wíwú kù, mú ìfun rẹ̀ rọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí bí ìfun bá ń jò, àgbá ńlá tí ìdí rẹ̀ lu ni à ń pọn omi sí. A kò yẹ ferritin wò ní kíá lẹ́yìn irin, torí á ga lásán, ó kéré tán kí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kọjá. Hb la wò lọ́sẹ̀ kẹrin: 10.4. Bí ó bá gòkè tó 2, oògùn ń ṣiṣẹ́. Lọ́sẹ̀ kẹjọ, Hb 12.1, ferritin 162, CRP 6.

Gbogbo oṣù mẹ́ta ni a kọ sórí káàdì rẹ̀ fún ọdún kan, fún Hb, ferritin àti CRP. Bí ferritin bá já sábẹ́ 100, a ò ní dúró kí ẹ̀jẹ̀ tán ká tó tún fún un ní irin.