Bí a ṣe ń fi irin rogodo dín fífì ilé gogoro kù

Kò sí ilé gogoro tí kì í fì. Bí ìjì bá dé, orí ilé a lọ, a bọ̀, bí orí ọ̀pẹ. Ilé lè má wó o, àmọ́ òòyì á máa kọ́ àwọn tó wà lókè. Ohun tí àwọn ẹnjiníà máa ń ṣe sí i ni kí wọ́n so ẹrù wúwo kan rọ̀ sókè ilé, tí yóò máa fì ní òdìkejì ibi tí ilé bá ń lọ. Ti Taipei 101 ní Taiwan lókìkí gan-an: ilé náà ga ní mítà 508, irin rogodo inú rẹ̀ wọn tọ́ọ̀nù 660, wáyà rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ láti àjà 92 dé àjà 87.

Ìwúwo yẹn ló ń ya aráyé lẹ́nu, ṣùgbọ́n àkókò ìfì, ìyẹn iye ìṣẹ́jú-àáyá tí nǹkan fi ń lọ tó fi ń bọ̀, ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹni tó ti ti ọmọdé lórí jangirọ́fà rí mọ̀ ọ́n: ọwọ́ tó bá a lọ ló ń mú un ga sí i, ọwọ́ tó pàdé rẹ̀ ló ń dá a dúró.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wọn ilé. Ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń ṣàkọsílẹ̀ mímì sí àjà òkè pátápátá, kó wà níbẹ̀ títí atẹ́gùn gidi yóò fi fẹ́, kí ẹ sì ka iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ilé fi ń lọ tó fi ń bọ̀. Ti Taipei 101 sún mọ́ 7. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ìbú àti ní òòró, torí wọn kì í sábà dọ́gba. Ẹ má gbára lé kọ̀ǹpútà nìkan. Ògiri tí wọ́n fi pín yàrá àti ẹrù ayálégbé máa ń yí i padà.

Ìwúwo irin kò ju ìdá 1 sí 2 nínú 100 apá ilé tó ń fì. Ẹ má retí pé kéréènì á gbé e gòkè lódidi. Ní Taipei, pẹpẹ irin 41 ni wọ́n tò léra, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 12.5, àwọn ajórin sì jó wọn pọ̀ lókè níbẹ̀.

Ó wá ku gígùn wáyà, torí òun ló ń pinnu àkókò ìfì rogodo, tó gbọ́dọ̀ bá ti ilé mu. Ẹ fi àkókò ìfì ilé lọ́po ara rẹ̀, kí ẹ tún fi 0.248 lọ́po èsì rẹ̀. Bó bá jẹ́ 7, 7 lọ́nà 7 jẹ́ 49, ìyẹn lọ́nà 0.248 sì jẹ́ mítà 12.15. Ìwúwo irin kò sí nínú ìṣirò yìí rárá. Bí irin bá jẹ́ ìdá 1 nínú 100, ẹ jẹ́ kó fi ìdá 1 lọ́ra ju ilé lọ; wáyà á di bíi mítà 12.4. Àárín gbùngbùn rogodo lẹ máa wọ̀n ọ́n dé, kì í ṣe orí rẹ̀. Rogodo Taipei fẹ̀ ní mítà 5.5, ẹni tó bá dúró sí orí rẹ̀ ti fi mítà tó lé ní 2 ṣìṣe.

Ẹ ṣe férémù tó gbá wáyà mú lókè, tó ṣeé sún sókè sódò, kí ẹ lè tún un ṣe nígbà tí àwọn ayálégbé bá kó wọlé tán. Bí àkókò ìfì rogodo bá fi ìdá 10 nínú 100 yapa sí ti ilé, ẹrù lásán lẹ gbé ka ilé lórí.

Rogodo nìkan kò tó, torí yóò gba fífì lọ́wọ́ ilé, yóò sì dá a padà fún un. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì elépo, irú ti mọ́tò àmọ́ tó tóbi fíìfíì jù ú lọ, sí abẹ́ rẹ̀. Mẹ́jọ ló wà ní Taipei. Epo tó ń fún ara rẹ̀ gba ojú ihò tóóró kọjá ló ń sọ fífì di ooru. Bí ṣọ́ọ̀kì bá le jù, rogodo á lẹ̀ mọ́ ilé, wọ́n á jọ máa fì. Bó bá rọ̀ jù, rogodo á kọjá ààyè rẹ̀. Ẹ fi òrùka irin yí ìdí rẹ̀ ká nítorí èyí: nígbà ìjì Soudelor lóṣù kẹjọ 2015, ti Taipei fì tó mítà kan.

Ti ìmìtìtì ilẹ̀ yàtọ̀. Ìjì máa ń pẹ́, rogodo sì ń ráyè bá a wọ̀yá. Ilẹ̀ máa ń já lójijì, ó sì lè parí kí rogodo tó gbéra dáadáa. Òpó àti irin ilé fúnra wọn ló gbọ́dọ̀ ru ìyẹn. Ẹ má yọ irin kan kúrò nínú wọn torí pé rogodo wà lókè.

Bó bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ máa wo ìdí ṣọ́ọ̀kì bóyá epo ń jò, ẹ sì tún wọn àkókò ìfì ilé lẹ́yìn ìjì ńlá kọ̀ọ̀kan.