HMO ní àwọn ò ní san owó iṣẹ́ abẹ ọmọ mi

"Ìyá Démọ́lá, HMO yín ní àwọn ò ní san kọ́bọ̀." Kaṣíà na bébà sí mi: ₦268,400. Àárọ̀ Wẹ́sìdé tó yẹ ká máa lọ sílé ni. Ọmọ mi jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó fọwọ́ di ikùn mú níbi tí wọ́n ti là á, ó ń wojú mi.

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mí, orúkọ wa sì wà lórí ètò ìlera NHIA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìbánigbófò ìlera. HMO ni ilé iṣẹ́ tó ń bá ètò náà san owó ìtọ́jú wa fún ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ kalẹ̀ síbẹ̀ kí n máa jà. Mo sáré yá ₦100,000 lọ́wọ́ ìyá alájọ wa ní Mọ́kọ́lá, mo san án, mo tọwọ́ bọ̀wé fún ìyókù. Lábẹ́ ibi tí mo tọwọ́ bọ̀, mo kọ ọ́ pé mi ò tíì gbà pé mo jẹ ẹ́.

"Iṣẹ́ abẹ àti òògùn" nìkan ló wà lórí bébà náà, torí náà mo ní kí kaṣíà tẹ ohun gbogbo jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò kọ́kọ́ fẹ́. Mo dúró. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé kékeré tí mo fi ń kọ gbogbo abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un. Ìdájí Sọ́ńdè la wọlé, Wẹ́sìdé la jáde, oorun alẹ́ 3. Wọ́n kọ 5, ₦8,000 lálẹ́ kan. Abẹ́rẹ́ kan tó jẹ́ ₦14,400 wà lábẹ́ "òògùn", ó tún wà lábẹ́ "tíátà". ₦30,400 nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò jẹ wọ́n. Ó dùn mí wọra, nítorí àwọn tá a jọ wà ní wọ́ọ̀dù san tiwọn láìbèèrè.

Ti HMO ló le jù. Lórí fóònù, "kò sí kóòdù" ni wọ́n ń sọ ṣáá, ìyẹn nọ́ńbà tí HMO fi ń fọwọ́ sí i pé kí ilé ìwòsàn tọ́jú èèyàn. Mo kọ ímeèlì sí wọn pé kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ ránṣẹ́. Èsì yẹn ló là mí lójú: wọn ò sọ pé ètò náà kì í san owó iṣẹ́ abẹ appendix, ìyẹn ẹ̀ka kékeré lára ìfun tí wọ́n gé kúrò fún ọmọ mi; ohun tí wọ́n ń wí ni pé ilé ìwòsàn ò gba kóòdù kó tó ṣe é. Bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ pàjáwìrì, ìlànà NHIA ò ní kéèyàn dúró de kóòdù. Kí wọ́n tọ́jú aláìsàn ná, kí wọ́n sì fi tó HMO létí láàárín wákàtí 48.

Ni mo bá ń wá ẹ̀rí aago tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ṣẹlẹ̀ kiri. Lẹ́tà tí klíníìkì wa fi ní ká máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá: Sátidé, 11:40 alẹ́. Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ náà ti kọ "pàjáwìrì" sí fáìlì, mo gba ẹ̀dà. Ó wá ku ìgbà tí wọ́n sọ fún HMO. Ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ HMO nílé ìwòsàn náà kì í wá lópin ọ̀sẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ ímeèlì yín wò." Ó ń fà á wálẹ̀, ó ń fà á wálẹ̀, ó dúró. Mọ́ńdè, 9:12 àárọ̀. Mo kà á lórí ìka lẹ́ẹ̀mejì: kò pé wákàtí 34. HMO ò sì fèsì lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ láti April 2025 ni NHIA ti pàṣẹ pé kí kóòdù máa jáde láàárín wákàtí kan.

Lẹ́tà ojú ewé kan ni mo kọ, láìbú ẹnikẹ́ni: nọ́ńbà mi, déètì, àwọn aago yẹn, àti ẹ̀dà gbogbo ìwé. (Ojúlówó ò kúrò lọ́wọ́ mi o.) Mo gbé ọ̀kan lọ sí ọ́fíìsì NHIA níbí n'Ìbàdàn, mo ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí tèmi. Ní ọjọ́ kẹrin, HMO pè: kóòdù ti jáde.

Ilé ìwòsàn yọ ₦30,400 náà kúrò. Nínú òògùn ₦42,000, ìdá 10 nínú 100 ló kàn mí, ìyẹn ₦4,200. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ kí wọ́n tó dá ₦95,800 mi padà, ó gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè tí álàátì wọlé, mo fi ₦4,200 kún un, mo gba Mọ́kọ́lá lọ. Ìyá alájọ kà á, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó sì fa ìlà lé orúkọ mi.