Bí A Ṣe Ń Lo Ọlọ Tàdáwà Ṣáínà Láì Ba Ojú Rẹ̀ Jẹ́

Dúdú èéfín igi páìnì tàbí ti fìtílà olóròóró ni wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù awọ ẹran pò di tàdáwà Ṣáínà, tí wọ́n á mọ bí ọ̀pá kékeré. Ọlọ ló ń lọ̀ ọ́ di èyí tí a fi ń kọ̀wé. Láyé àwọn ọba ìdílé Han ní Ṣáínà àtijọ́, ọlọ yìí ní ọmọ ọlọ bíi ti ata. Ìgbà tí tàdáwà di ọ̀pá tó ṣeé fọwọ́ mú ni ọmọ ọlọ kúrò níbẹ̀. Irú ọlọ tó lórúkọ jù ni Duan, láti ìlú Zhaoqing ní ìpínlẹ̀ Guangdong ní Ṣáínà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa òkúta rẹ̀ láyé àwọn ọba ìdílé Tang (618–907). Irú ọlọ mìíràn tí wọ́n ń pè ní She àti Tao náà jẹ́ òkúta, ṣùgbọ́n amọ̀ odò tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n sì sun níná, ni Chengni.

Kán omi tútù sójú ọlọ, ìdajì ṣíbí tíì ti tó. Omi gbígbóná á rọ gọ́ọ̀mù, ìdí ọ̀pá á sì máa rún. Omi kànga tó bá ń fi funfun sílẹ̀ nínú ìkòkò kò dára, torí ó ń mú tàdáwà dì. Ti òjò sàn jù. Mú ọ̀pá dúró ṣánṣán, máa yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, má tẹ̀ ẹ́. Bí ojú ọlọ bá ṣí díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pá kí tàdáwà tó padà bò ó, ó ti ki tó. Sún un sínú kòtò ọlọ, kí o tún kán omi.

Tàdáwà wàláà táwọn àfáà ń lò l'Óṣogbo lè pẹ́ nínú ìgò; ti Ṣáínà á rà, á sì máa rùn. Ìwọ̀n tọjọ́ kan ni kí o lọ̀.

Má fi ọ̀pá sílẹ̀ lórí ọlọ láéláé! Gọ́ọ̀mù á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, bí o bá sì fà á, á bù lára òkúta. Nu ọ̀pá náà gbẹ, kó o wé e sínú pépà nígbà ọyẹ́, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á sán. Fi omi àti kànìnkànìn rírọ̀ fọ ọlọ kí tàdáwà tó gbẹ, láìlo ọṣẹ tàbí irin ìfọkòkò.

Bó bá pẹ́, tí ọ̀pá kàn ń yọ̀ láì jẹ, fi sáńpépà olómi nọ́ńbà 1000 ra ojú ọlọ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, kó o fi 2000 parí rẹ̀. Sáńpépà 200 á ha á jù, tàdáwà á sì máa ní hóró.