Sáfà wà ní Broad Street, kọ̀ǹpútà wà ní Agége: bí a ṣe ń mọ ibi tí ìsopọ̀ ti já

Ká ní sáfà Zabbix yín (ètò tó ń ṣọ́ àwọn kọ̀ǹpútà yín láti òkèèrè) wà ní ọ́fíìsì ní Broad Street, kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Agége, VPN (ọ̀nà àdáni tó gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì) ló sì so ibi méjèèjì pọ̀. Ṣàdédé ni àmì pupa yọ: sáfà ò gbúròó Agége mọ́. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń sáré ki ọwọ́ bọ inú sáfà nígbà náà, a ó sì ba èyí tó dára jẹ́ mọ́ èyí tí kò dára. Ẹ fi sáfà sílẹ̀ ná.

Ẹ kọ́kọ́ pe ẹni tó wà níbẹ̀

Ṣé iná wà? Ṣé kọ̀ǹpútà náà wà ní títàn? Iná ara ráútà ńkọ́? Mo ti fi àìbéèrè gun Afárá Third Mainland ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì rí, gbogbo nǹkan bíi kìlómítà 12 yẹn, tí mọ́tò ń rá bí ìgbín. Ìgbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti yọ ráútà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ṣájà fóònù ló wà níbẹ̀. "Ẹ má bínú, bọ̀ọ̀dá, mo ní kí n tètè ṣájì kí wọ́n tó mú iná lọ ni." Kí ni mo fẹ́ sọ? Láti ọjọ́ náà, fóònù ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé.

Ẹ fi ping wo ọ̀nà

Láti orí sáfà, ẹ tẹ èyí, kí ẹ fi pe kọ̀ǹpútà Agége wò bóyá á dáhùn (192.168.20.15 ni IP rẹ̀ nínú àpẹẹrẹ yìí):

`ping -c 4 192.168.20.15`

Nọ́ńbà IP ni kí ẹ lò, kì í ṣe orúkọ kọ̀ǹpútà. Bí nọ́ńbà bá dáhùn tí orúkọ ò dáhùn, DNS, tó ń sọ orúkọ di nọ́ńbà, ló ń yọ yín lẹ́nu. Bí mẹ́rin bá lọ tí méjì péré padà, ọ̀nà wà, àmọ́ ó ń já lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìkankan ò bá padà, ẹ má tíì dá ẹjọ́: bí kọ̀ǹpútà náà bá jẹ́ Windows, firewall rẹ̀ (ẹ̀ṣọ́ tó ń pinnu ohun tó lè wọlé) lè máà jẹ́ kó dáhùn ping, kí gbogbo nǹkan yòókù sì máa ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ẹ kan ilẹ̀kùn yàrá gan-an

Ẹ mú un bí ilé face-me-I-face-you. IP ni nọ́ńbà ilé, port ni nọ́ńbà yàrá. Ping kàn ń sọ pé ilé wà níbẹ̀ ni; kò sọ pé ẹni tí ẹ ń wá wà ní yàrá rẹ̀. Yàrá 10050 ni agent Zabbix (ètò kékeré tó ń ròyìn kọ̀ǹpútà náà fún sáfà) máa ń wà. Tó bá jẹ́ Nagios, ètò ìṣọ́ mìíràn, lẹ ń lò, yàrá 5666 ni NRPE, agent tiẹ̀, máa ń wà.

`nc -vz 192.168.20.15 10050`

Bí Windows ni ẹ ti ń kànkùn, `Test-NetConnection 192.168.20.15 -Port 10050` ni kí ẹ tẹ sínú PowerShell.

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀, torí èsì tó bá jáde ló máa sọ apá ibi tí ẹ máa yà sí.

Bó bá ní "Connection refused", ẹ jẹ́ kí inú yín dùn díẹ̀. Ẹnìkan ti yọjú lójú fèrèsé, ó ní kò sẹ́ni nínú yàrá yẹn. Ọ̀nà mọ́ títí dé Agége nìyẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, agent ni kò ṣiṣẹ́: bí kọ̀ǹpútà tọ̀hún bá jẹ́ Linux, ẹ wò ó pẹ̀lú `systemctl status zabbix-agent` lórí rẹ̀. Bó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ tẹ `ss -ltn`. Bí ẹ bá rí `127.0.0.1:10050`, ara rẹ̀ nìkan ló ń dá lóhùn, kò gbọ́ ti ará ìta.

Bó bá jẹ́ "timed out", ẹ kànkùn títí, ẹnikẹ́ni ò fọhùn. Bóyá firewall ń gbé ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ mì, bóyá ọ̀nà ti já. Láti mọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó wà ní Agége tẹ èyí bí ẹ ṣe ń kànkùn:

`tcpdump -ni any port 10050`

Bí nǹkan bá ń yọ lójú rẹ̀, ìkànkùn yín ń dé ibẹ̀, firewall ibẹ̀ sì ni kí ẹ bi. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn yàrá yẹn nìkan fún sáfà (192.168.10.5 ni IP rẹ̀ nínú àpẹẹrẹ yìí):

`sudo ufw allow from 192.168.10.5 to any port 10050 proto tcp`

Àwọn kan á ní kí ẹ kúkú pa firewall tán. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Bí ohunkóhun ò bá yọ, ojú ọ̀nà ni wàhálà wà. Ẹ yẹ VPN wò. Tó bá jẹ́ WireGuard, `wg show` á fi "latest handshake" hàn yín, ìyẹn ìgbà tí ìhà méjèèjì bọ ara wọn lọ́wọ́ gbẹ̀yìn. Bó bá ti ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, tí ẹ sì ń ping lọ́wọ́, VPN ti kú nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ò ní VPN, tó jẹ́ ráútà onísíìmù ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ wo IP tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún ráútà náà. Bó bá bọ́ sáàárín 100.64.0.0 sí 100.127.255.255, ẹ̀yin àti ọ̀pọ̀ oníbàárà lẹ jọ ń lo àdírẹ́sì kan ṣoṣo síta. Kò sí bí ará ìta ṣe lè kan ilẹ̀kùn yín. Ẹ jẹ́ kí Agége fúnra rẹ̀ máa pe sáfà: ẹ fi àdírẹ́sì ìta sáfà sí `ServerActive` nínú `/etc/zabbix/zabbix_agentd.conf`, ẹ ṣí port 10051 ní ọ́fíìsì, ẹ yí àwọn item (ohun tí Zabbix ń wò lára kọ̀ǹpútà) sí "Zabbix agent (active)", kí `Hostname` sì bá èyí tó wà lórí sáfà mu, títí kan lẹ́tà ńlá àti kékeré.

Ilẹ̀kùn ṣí, síbẹ̀ wọn ò gbà yín wọlé

Port lè ṣí kí agent tún já ìpè náà. Ẹ ṣí lọ́ọ̀gì rẹ̀. Bí ẹ bá rí "rejected, allowed hosts", kò dá sáfà yín mọ̀ ni. Ìlà `Server=` nínú `/etc/zabbix/zabbix_agentd.conf` ni kí ẹ tún ṣe. `127.0.0.1` ló máa ń wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí sáfà bá sì pààrọ̀ IP, àdírẹ́sì àtijọ́ ló máa ṣì wà níbẹ̀. Ẹ kọ tuntun, ẹ tún agent bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá bèèrè láti orí sáfà:

`zabbix_get -s 192.168.20.15 -k agent.ping`

Bó bá dá `1` padà, ẹ dúró ìṣẹ́jú bíi mélòó kan kí àmì pupa fi kúrò.